Ẹja Tó Dúró Lórí Ìrù Rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi ìwé mi yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi kàwé lọ́dọ̀ ìyá Sàró tó ń kọ́ wa ní aṣọ rírán níhìn-ín ní Ìkòròdú, aṣọ rírán ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́ wa. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn ún kà. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá wò mí, nítorí náà ni tàdáwà ṣe fà káàkiri ojú ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́ fún yín, ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Ìwé yìí nìkan ló kù.

Nǹkan méjì lẹ máa ń bi mí. Ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí Bàbá fi kan abọ́ idẹ tó ti lu mọ́ orí òpó níwájú àtíbàbà iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìpakodò, tó sì ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ tún ń bi mí pé kí ló dé tí Bàbá, tí gbogbo ayé ń sọ pé ó mọ ọkọ̀ gbẹ́, kì í gbẹ́ ju ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì lọ. Ìdí kan náà ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, ó sì ti sú mi láti máa gbé e kiri.

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ńṣe ni wọ́n ń gbé mi wọ ọkọ̀ bí ẹrù, a sá kúrò ní Èkó. Ogun ti wọ̀lú, iná ti mú àdúgbò wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, ló pọ̀n mí. Abọ́ idẹ méjì ni ìyá mi gbé wá sílé ọkọ, wọ́n jọra wọn bí ojú méjì. Ìyá Àgbà gbé ọ̀kan. Nígbà tí a dé etí omi, ó wo ìyá mi lọ́wọ́, kò rí ìkejì níbẹ̀.

Ó ní, “Ìkejì dà? Ṣé ọ̀kan la máa fi jẹun níbi tí à ń lọ ni? Sáré padà!”

Ìyá mi sáré padà. Bàbá wà nínú ọkọ̀ mìíràn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó rò pé ìyàwó òun wà lọ́dọ̀ wa. Èéfín bo etí omi. Ẹnì kan ti ọkọ̀ wa kúrò nílẹ̀, a bá lọ. Mo rántí bí ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àyà mi. Ojú ìyá mi ni mi ò rántí mọ́.

A dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn onílẹ̀ fún wa láyè létí ọ̀sà, a kọ́lé, a kọ́ mọ́ṣáláṣí onímọ̀ ọ̀pẹ, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dàgbà díẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ fún èmi náà. Bí Bàbá bá parí ọkọ̀ kan, yóò dojú rẹ̀ dé sórí igi, èmi yóò sì rá wọ abẹ́ rẹ̀. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ibikíbi tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ihò nìyẹn. Èmi yóò lọ́ òwú, èmi yóò rì í bọ inú oje igi tó ti yọ́, èmi yóò fi í dí ibẹ̀ pinpin. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, torí pé kò sí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá máa ń kan ìdí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní, “Ojú Bàbá ẹ, ṣé ó kù?” Orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn. Èmi náà yóò kàn án lẹ́ẹ̀kan láti inú wá, ìyẹn ni pé kò kù. Kò sí ọkọ̀ tí mo bá wọ abẹ́ rẹ̀ tó ń jò. Mo gbàgbọ́ pé kò sí ihò kankan tó dára láyé yìí.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Ìyá Àgbà ń jókòó létí omi láti àárọ̀ di ọ̀sán, abọ́ idẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í sunkún. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, yóò kàn dìde, bí ọkọ̀ bá ti kọjá, yóò tún jókòó. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin oníyọ̀ kan sọ fún wa pé àwọn tó ń wá èèyàn wọn pọ̀ lójú ọ̀sà, ṣùgbọ́n wọn kì í mọ èbúté tí wọn ó gúnlẹ̀ sí, nítorí igbó kan náà ló wà létí omi láti ìhín títí dé ọ̀hún. Ó ní àwọn mìíràn ti kọjá iwájú ilé wa gan-an, wọ́n sì lọ.

Ìyá Àgbà gbọ́ èyí, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá lọ bá lẹ́mọ́mù àdúgbò wa, ó ní òun fẹ́ ṣe ẹja kan tí yóò dúró lórí ìrù rẹ̀ létí omi, tí yóò ga ju igi àgbọn lọ, kí àwọn tó ń wá wa lè rí i láti àárín ọ̀sà.

Lẹ́mọ́mù wò ó títí. Ó ní, “Agbẹ́kọ̀, ṣé o fẹ́ kí á máa bọ ẹja ni?”

Bàbá ní, “Rárá o. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ kó rí wa.”

 Lẹ́mọ́mù náà ní àbúrò tí kò rí mọ́. Ó wá ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó gbé iyán sídìí ẹ̀, èmi ni màá jẹ iyán náà, màá sì tún gé ẹja yẹn lulẹ̀.”

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò ní igi tó tó iṣẹ́ náà, kò sì sí owó, nítorí náà ohun tí kálukú ní ni wọ́n mú wá. Ọkọ̀ ńlá mẹ́ta tó gbé wa sá láti Èkó ti ń gbó, Bàbá gbé wọn nà ró, ó so wọ́n pọ̀ ní ìdí, ó kan pákó dí àárín wọn. Ìyẹn ni ìrù àti ikùn ẹja náà. Lórí ìyẹn, ó fi ọparun ṣe egungun ìhà. Lórí ọparun, ó ta àwọ̀n tó ti ya, àwọ̀n ilé mẹ́tàdínlógún, èyí tó pupa, èyí tó dúdú, èyí tí ẹja ńlá ti já. Ó ní kí wọ́n má fi amọ̀ bo àwọ̀n náà tán pátápátá, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wó. Ìkarahun ló fi ṣe ìpẹ́, a tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkarahun.

Obìnrin onílẹ̀ kan tó ń yan ẹja tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa máa ń dúró wò wá, ọwọ́ ní ìbàdí. “Ẹ̀yin ará Èkó yìí! Èyí tó wà nínú omi ò tó yín pa, ẹ wá ń ṣe ti orí ilẹ̀. Agbẹ́kọ̀, bó bá jinná, ààrò wo lo fẹ́ gbé e sí?”

Bàbá á ní, “Ààrò tiyín ni mo ní lọ́kàn, Ìyá.”

“Tèmi kẹ̀? Ìrù ẹ̀ nìkan á wó ilé lé mi lórí!” Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń da ìkarahun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, agbọ̀n kan, agbọ̀n méjì, kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni orí ẹja náà. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe é, ó dára, ó bá ara mu. Lẹ́yìn náà ó gbé mi sínú ọkọ̀, a wà á lọ sí àárín ọ̀sà. Ó yí ọkọ̀ padà, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú ojú mi. Ó ní, “Wò ó. Ṣé o rí i?” Èékánná rẹ̀ bo ẹja náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tó ga ju igi àgbọn lọ, kò tó èékánná Bàbá. A padà, ó tú orí náà palẹ̀, ó ṣe òmíràn tó tóbi tó ìlọ́po méjì. Àwọn tó dúró sábẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹja olórí ńlá, wọ́n ní orí erin ni wọ́n gbé lé ẹja lọ́rùn.  Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u. Nígbà tí a lọ nígbà kẹrin, ó na àtàǹpàkò, orí ẹja yọ lókè èékánná, ó sì bá ara mu, ó dà bí ẹja tó fẹ́ fò jáde nínú igbó. Bàbá ní, “Kì í ṣe àwọn tó wà nílẹ̀ la ń ṣe é fún.” Ó wa ọkọ̀ padà.

Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n ya ẹnu rẹ̀ sókè. Ó ní, “Má pa á lẹ́nu dé. Ìyàwó rẹ ló ń pè.” Lẹ́yìn náà ó dìde níbi tó máa ń jókòó sí, ó gbé abọ́ idẹ lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá lu ihò sí àárín rẹ̀, ó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí tó kọjú sí ọ̀sà. Ojú ẹja nìyẹn. Lójú ọ̀sán, ó ń kọ mànà débi pé èèyàn ò lè tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàbá fi í sílẹ̀ láìní ojú, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Ibi tí ọwọ́ mi ti ń wúwo rèé, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n kéde pé iṣẹ́ ti parí, mo ń rìn yí ìdí ẹja náà ká. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí koríko bò, mo rí ihò kan lára pákó ọkọ̀. Ó gba ìka kan, ó yípo dáadáa. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò ti mọ̀ pé irin ló lu ihò tó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò ro ìyẹn. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ihò kan, pé èmi nìkan ni mo rí i. Mo lọ́ òwú, mo rì í bọ oje igi, mo dí i pinpin, mo sì fi àtàǹpàkò dán ojú rẹ̀. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó rẹ́rìn-ín, kó ní, “Ojú Bàbá ẹ.”

Ẹja náà ṣiṣẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọkọ̀ méjì rí wa nípasẹ̀ rẹ̀. Nínú èkíní, bàbá arúgbó kan ń wá àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì bá wọn. Nínú èkejì, àbúrò lẹ́mọ́mù ni. Lẹ́mọ́mù ti wé láwàní rẹ̀ tán láti lọ kírun, ó já a dànù, ó sáré wọnú omi títí dé ìbàdí. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ní kò ní pẹ́ mọ́, ó ní ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn náà òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti lọ sínú igbó lọ gé igi, ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà ni òjò fi rọ̀. Ẹnu ẹja ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run, omi ń wọlé. Lókè, omi ń rí àyè jò jáde láti ara àwọ̀n, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ni, èmi ni mo sì ti dí ibi kan ṣoṣo tí omi lè gbà jáde. Ọkọ̀ tí omi kò lè wọ̀, omi kò lè jáde nínú rẹ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, òjò dá, gbogbo ènìyàn jáde síta. Ẹja náà dún bí ẹni tó fẹ́ tutọ́. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ń yan ẹja pariwo pé, “Ẹ kó ọmọ kúrò níbẹ̀!” Pákó fọ́, omi ya jáde bí odò, ìkarahun ń fọ́n káàkiri bí àgbàdo lórí ìkòkò gbígbóná, orí ńlá yẹn sì wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Abọ́ idẹ yí gbirigbiri wá sí iwájú Ìyá Àgbà, ó dúró.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lọ sí ẹ̀yìn ìdí tó kù, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́mọ́mù ní, “Agbẹ́kọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Bàbá dìde. Ó ní, “Mo gbàgbé láti lu ihò tí omi yóò máa gbà jáde. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú.”

Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi kò ṣí. Àwọn kan ní àgbà agbẹ́kọ̀ wo ló ń gbàgbé irú ìyẹn. Àwọn kan bá a kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ó rò pé òun gbàgbé lóòótọ́, pé èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tí kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ pé ojú ń dùn mí, mi ò sì wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, Bàbá náà ò sì gbẹ́ ju ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì lọ mọ́. Bàbá kò bi mí pé ojú wo ló ń dùn mí.

Kò sí igi, kò sí àwọ̀n láti tún òmíràn ṣe. Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin oníyọ̀ padà wá. Ó ní obìnrin kan wà ní Èbúté Ìkòròdú tó gbé abọ́ idẹ dání, tó ń bi gbogbo ọlọ́kọ̀ ní ibi tí ẹja kan ti dúró lórí ìrù. Ó ti bá ọkọ̀ kan lọ, ó wá a lọ wá a bọ̀, kò rí ẹja kankan, àwọn ọlọ́kọ̀ sì sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n pa fún un. Bàbá wa ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tó fi dé ibẹ̀, obìnrin náà ti lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà.

Ìyá Àgbà kú kí òjò ọdún yẹn tó parí. Nígbà tí ayé rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ará Èkó máa padà sílé, àwọn ẹlòmíràn padà. Bàbá kò padà. Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú yìí, ló wá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìyá mi kẹ́yìn. Ó kan abọ́ idẹ mọ́ òpó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó fẹ́ ìyá yín, ìyá yín sì ṣe dáadáa sí mi, wọ́n bí yín. Èyí tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, òyìnbó ló ni Èkó. Ọkọ̀ elééfín ń kọjá lójú ọ̀sà, èéfín rẹ̀ ga ju ẹja Bàbá lọ, àwọn ọmọdé kì í tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo gbọ́ pé ibi tí ẹja náà dúró sí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti kọ́lé sí i, bí wọ́n bá sì ń gbálẹ̀, ìkarahun ṣì ń jáde. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo àdúgbò lè kó ohun tó ti bàjẹ́ nínú ilé wọn jọ nítorí obìnrin kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ bóyá wọn ó tún ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ kálukú.

Bàbá náà ti ń darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń jò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apẹja kan dá ọkọ̀ padà, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ọkọ̀ yìí ń mu omi ju èmi lọ.” Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń fi ọwọ́ pa ìdí ọkọ̀ náà, tó ń wá ihò tí ojú rẹ̀ kò rí.

Ní àná, ó ní kí n bá òun mú ọ̀bẹ kékeré wá láti inú àpò irinṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ mi kan awọ kékeré kan tí wọ́n rán pọ̀. Mo rò pé tírà ni. Ẹnu rẹ̀ ti tú, mo wo inú rẹ̀. Òwú ni, ó ti gan, oje igi ti mú kó dúdú, ó tóbi tó ìka kan. Orí rẹ̀ kan ń dán, níbi tí ẹnì kan ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tó ń lọ́ òwú níbi iṣẹ́ Bàbá, sí apá ọ̀tún ni wọ́n ń lọ́ ọ. Èyí, sí apá òsì ni wọ́n lọ́ ọ sí.

Mo dá a padà sí ibi tó wà. Mo mú ọ̀bẹ lọ fún un. Ó ní, “O ṣeun, Ojú Bàbá ẹ,” bí ó ti máa ń sọ, mo sì lọ jókòó kọ ìwé yìí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí Bàbá tó ti mọ́ṣáláṣí dé, mo yọ́ oje igi, mo mú òwú, mo ká ìró mi sókè, mo sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ní Ìpakodò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ìdí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ́lẹ̀ ṣì kù ní ibi mẹ́ta. Mo dí wọn, lẹ́yìn náà mo kàn án lẹ́ẹ̀kan.